Páwà Páàkì: Iná Tó Wà Lẹ́yìn Orin ní Agége àti Ìkẹjà

“Pen Cinema, ó wà o!” Bí èrò inú dáńfó bá ti ké báyìí, dírẹ́bà á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kọ́ńdọ́ á sì ti fò bọ́ sílẹ̀ kí mọ́tò tó dúró. Àwọn tó ń sọ̀ níbẹ̀ kò wá wo fíìmù. Ọjà Agége ni wọ́n ń lọ, tàbí kí wọ́n wọ mọ́tò míì lọ sí Ìjú, Ọ̀gbà tàbí Abúlé Ẹ̀gbá. Afárá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí síbẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021 pàápàá, Pen Cinema ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni Danjuma Cinema, sinimá míì tó di orúkọ àdúgbò ní Agége.

Láyé ìgbà tí àwòrán ń yí lórí aṣọ funfun nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ méjì ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn èrò. Ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ sára fíìmù, èkejì ń gbé ohùn jáde. Èkejì yìí ni áńpílífáyà, ohun tó sì wà níkùn rẹ̀ nígbà náà ni fáàfù: ìgò gíláàsì kékeré tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, tí wáyà pupa ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹyín iná.

Àwọn èèyàn mọ orúkọ òṣèré, wọ́n sì mọ orúkọ olórin. Apá ibi tí iná ń gbà bọ́ fáàfù kò ní orúkọ létí ẹnikẹ́ni, àfi létí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Páwà páàkì ni wọ́n ń pè é. Ní gbogbo agbègbè tó wà lẹ́bàá ojú irin, láti Muṣin títí dé Agége, òun ló ń pinnu bóyá òde á dùn mọ́jú tàbí á túká ní ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́.

Ohùn tó ń ti ara gìtá wọ inú áńpílífáyà kéré débi pé kò lè mi abala ìwé kan. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju ti adènà lọ: ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń tì í. Agbára tó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kọjá lọ ti sípíkà, láti ara wáyà iná ilé ló ti wá. Nígbà tí gìtá bá ń ké lóde ìnáwó, iná gan-an ni èrò ń gbọ́. Gìtá ló kàn ń sọ fún un bí yóò ṣe ké.

Ṣùgbọ́n iná ilé, bó ṣe ń ti orí òpó wá, kò ṣe é fi bọ́ fáàfù. Fóòtì 230 tàbí 240 ni, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáàfù fẹ́ fóòtì 6.3 péré fún wáyà tó ń mú inú rẹ̀ gbóná. Fún iṣẹ́ gan-an, ó fẹ́ nǹkan bíi fóòtì 250 sí 450, tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, tí kò sì gbọ̀n. Tiransifọ́mà ló ń kọ́kọ́ gba iná ilé, tó ń gbé apá kan rẹ̀ ga, tó sì ń rẹ apá kejì sílẹ̀. Rẹtifáyà ló tẹ̀ lé e. Òun dà bí ẹnu ibodè tí wọ́n ń gbà wọlé tí wọn kì í gbà jáde. Iná tó bá ti kọjá níbẹ̀ kò lè padà mọ́, àmọ́ kì í ṣàn bí odò. Ó ń dé ní ìpín ìpín, nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ibẹ̀ ni kapásítọ̀ ti wọ̀ ọ́. Àmù ni. Àwọn ọmọ á máa pọnmi wá ní garawa garawa, wọ́n á máa dà á sínú àmù, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ á sì bu tirẹ̀ láìbìkítà ìgbà tí garawa dé. Bí àmù bá kéré, omi inú rẹ̀ á máa ga, á máa fà, bí garawa ṣe ń dé. Nínú áńpílífáyà, gíga àti fífà yẹn ló ń di kíkùn tí sípíkà máa ń kùn bí ìgbà tí oyin há sínú agolo. Lẹ́yìn àmù yìí, ẹ̀rọ tí wọ́n bá fara balẹ̀ ṣe tún máa ń ní ṣóòkù, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin. Ṣóòkù kò fẹ́ ìwàǹwára: bí kọ́rẹ́ǹtì bá fẹ́ sáré, á fà á sẹ́yìn, bó bá fẹ́ dúró lójijì, á tì í síwájú.

Ìgbà tí orin bá gbóná ni a máa ń mọ páwà páàkì tó dáa. Bí gìtá beesi, àkúbà àti ohùn akọrin bá jọ balẹ̀ pọ̀, kọ́rẹ́ǹtì tí áńpílífáyà ń fà á fò sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí irin tiransifọ́mà bá tín-ín-rín tí àmù sì kéré, fóòtì á wó, ohùn á sì ṣá. Àwọn onígìtá kan fẹ́ràn díẹ̀ nínú wíwó yìí, torí ó ń jẹ́ kí ohùn gìtá rọ̀ bí èémí. Lẹ́nu akọrin, àbùkù gbáà ni.

Ojú irin gba Agége kọjá dé Ìbàdàn ní 1901. Ó ń gbé obì àti kòkó lọ, ó sì ń kó èrò wọlé láti òkè ọya àti láti ilẹ̀ Yorùbá. Oko J. K. Coker ní Ìfakọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907, ti sọ ibẹ̀ di ìlú àwọn olóko ńlá. Iná mànàmáná ti wà ní Marina ní Èkó láti 1896, kí ojú irin tó parí, àmọ́ iná kò bá rélùwéè rìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ ohùn tó ju ti ẹnu lọ ní abúlé tó yí Agége ká, ìlù ló máa lù.

Ní Èkó, ìjọba kọ́kọ́ fi ọgbọ́n kan yẹra fún wàhálà iná nínú ilé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò rédíò olówáyà, èyí tí wọ́n gbé dé Ìbàdàn ní 1939. Ẹni tó bá sanwó oṣù, wọ́n á fa wáyà wọ ilé rẹ̀, wọ́n á sì gbé àpótí kan kọ́ sára ògiri. Àwọn àgbà pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò sí fáàfù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní páwà páàkì. Sípíkà lásán ni, pẹ̀lú bọ́tìnnì kan tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè sódò. Gbogbo áńpílífáyà wà ní ilé iṣẹ́ tí wáyà ti ń bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nìkan ló sì ń ṣọ́ iná rẹ̀. Baálé ilé lè máa fi fìtílà elépo tan pálọ̀ kí ó sì máa gbọ́ ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù.

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú áńpílífáyà tó ṣe é gbé kiri dé. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn olórin Yorùbá ti ń lo máìkì àti sípíkà lóde. A máa ń ka Bobby Benson mọ́ àwọn tó kọ́kọ́ gbé gìtá oníná sórí ìtàgé ní Èkó lẹ́yìn ogun. Nínú jùjú, Àyìndé Bákàrè ló ṣí ọ̀nà náà ní 1949: ó so máìkì kékeré mọ́ ara gìtá. Ó ní láti fi bánjò kékeré tó ń ta tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, torí kò sí ibi tí máìkì náà lè dì mọ́ lára rẹ̀. Ní 1948, Àkànbí Ẹ̀gẹ́ ti mú gángan wọ inú jùjú.

Ọdún méjèèjì yìí wọnú ara wọn. Láyé Túndé King, ní àwọn ọdún 1930, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ló máa ń wà nínú ẹgbẹ́ jùjú. Bí wọ́n bá fi ìlù kún un, ìlù á bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Máìkì ló tú wọn sílẹ̀. Bí akọrin bá ti lè fi iná gbé ohùn rẹ̀ ga, gángan lè wọlé, àkúbà lè wọlé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ tí I. K. Dáìró dá sílẹ̀ ní 1957, tó padà ń jẹ́ Blue Spots, tó èèyàn mẹ́wàá. Ebenezer Obey tẹ̀ lé e ní 1964, lẹ́yìn rẹ̀ Sunny Adé, ẹgbẹ́ ń tóbi sí i, gìtá ń pọ̀ sí i. Gbogbo gìtá tó kún un, ẹrù tuntun ló jẹ́ fún páwà páàkì.

Níbo ni wọ́n ti ń rí iná ọ̀hún lóde? Ní ibi tí òpó iná kò dé, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni jẹnẹrétọ̀, irú èyí tí mọ́tò sinimá ìjọba amúnisìn máa ń gbé wọ ìgbèríko pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ àwòrán àti sípíkà. Èkejì ni bátìrì mọ́tò. Iná bátìrì kì í lọ kì í bọ̀, tiransifọ́mà kò sì mọ ohun tó máa fi irú iná bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan sáàárín, tó ń gbọ̀n rìrì, tó ń já iná bátìrì tó sì ń so ó padà léraléra, kí tiransifọ́mà lè gbà pé iná ń lọ ó ń bọ̀. Irin náà máa ń kùn bí kòkòrò. Ẹnu rẹ̀ á jó, á lẹ̀, ohùn á sì kú láàárín orin.

Ní 1950 ni wọ́n ṣòfin tó dá ECN sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó gba àbójútó iná mànàmáná jákèjádò orílẹ̀-èdè. Èkó ń rí tirẹ̀ gbà láti Ìjọ́ra, níbi tí ilé iṣẹ́ amúnáwá ti ń ṣiṣẹ́ láti 1923. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tó ni Ìkẹjà àti Agége nígbà náà, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún ilé iṣẹ́ ńláńlá. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dunlop ń ṣe táyà. Òṣìṣẹ́ ń ya lu Agége, Ọ̀gbà àti Òṣòdì láti wá yàrá gbà, owó oṣù ń wọlé, rẹdíògírámù sì di ohun tí wọ́n fi ń ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Òpó kan náà ni mọ́tò ńlá ilé iṣẹ́ àti rédíò ilé ń mu nínú rẹ̀. Mọ́tò ńlá, bó bá ń gbéra, máa ń fa kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ ju èyí tó ń lò nígbà tó bá ti ń yí lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn, fóòtì àdúgbò á wálẹ̀, gílóòbù á pọ́n, rédíò á rẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá tanná lẹ́ẹ̀kan, ó tún lè wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì dúró síbẹ̀ di òru. Àwọn èèyàn sọ irú iná yìí ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Gbogbo Èkó mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Fáàfù kì í fojú rere wo háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Bí fóòtì 160 bá dé ibi tí 240 yẹ kó dé, 6.3 tó ń mú inú fáàfù gbóná á di 4.2. Wáyà inú rẹ̀ á tutù, kò ní lè tú agbára jáde bó ṣe yẹ, ohùn á sì máa há bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ rédíò àti rẹdíògírámù láti Yúróòpù, bíi ti Philips, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n fi ń sọ fún tiransifọ́mà iye fóòtì tó ń bọ̀ láti ara ògiri: 110, 125, 145, 200, 220, 245. Ọgbọ́n wà ní yíyí i. Ẹni tí háàfù kọ́rẹ́ǹtì bá sú, bó bá yí i sí 200, ohùn á padà bọ̀ sípò.

Ewu ibẹ̀ wá lóru. Àwọn aládùúgbò á sùn, ilé iṣẹ́ á ti pa ẹ̀rọ, iná á sì yọ dé 245 nígbà tí bọ́tìnnì ṣì wà lórí 200. Fóòtì 6.3 á di 7.7. Fóòtì 350 tí tiransifọ́mà ń gbé fún rẹtifáyà á di nǹkan bíi 429. Wáyà inú fáàfù á pọ́n ju bó ṣe yẹ, kapásítọ̀ á wú, òórùn á sì gba ilé. Ní òwúrọ̀, onílé á gbé rẹdíògírámù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì rédíò, á ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Fáàfù ìgbà náà tí àwọn mẹ́káníìkì mọ̀ jù kò pọ̀. EL84 kékeré, tí méjì rẹ̀ lè gbé nǹkan bíi wáàtì 15 jáde. EL34 tó sanra, tí méjì rẹ̀ lè dé wáàtì 35. Àti GZ34, rẹtifáyà tó lè gbé kọ́rẹ́ǹtì 250 mílíáńpù. Áńpílífáyà gìtá Vox AC30 tí wọ́n ń ṣe ní Ìlú Ọba ní àwọn ọdún 1960 ní EL84 mẹ́rin àti GZ34 kan. Ìwà GZ34 kan tó dára ni pé ó máa ń lọ́ra gbóná. Kí fóòtì ńlá tó dé ọ̀dọ̀ àwọn fáàfù tó ń kọrin, inú tiwọn náà á ti gbóná, wọ́n á ti múra tán láti gbà á.

Ní 1968, ìdídò Kàǹjì bẹ̀rẹ̀ sí tan iná, wáyà fóòtì 330,000 sì gbé e wá sí Èkó. Ìjọba ṣí i ní 1969. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bíi pé háàfù kọ́rẹ́ǹtì ti di ìtàn. Ní 1972, wọ́n pa ECN àti ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìdídò pọ̀, ó di NEPA. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé, lẹ́yìn rẹ̀ owó Udoji ní 1975. Òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹmọ́nú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta fíríìjì, fáànù, tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ orin. Ohun tó ń mu iná pọ̀ ju iná lọ. “Up NEPA!” tí àwọn ọmọdé ń ké bí iná bá dé, ìgbà NEPA ló gbajúmọ̀.

Àárín àsìkò yìí ni Ìkẹjà di ibi tí olórin ayé ń wá. Ní 1973, Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream láti Ìlú Ọba, ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ ARC sí Ìkẹjà. Ọdún yẹn náà ni Paul McCartney wá sí Èkó láti gba àwo Band on the Run sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n lọ sí ARC ní Ìkẹjà fún orin Picasso’s Last Words. Ní òpópónà Agege Motor Road, ní Ìdí-Òrò, ilé Fẹlá olórin wà ní nọ́ńbà 14, Shrine, ilé ijó rẹ̀, sì wà nítòsí ní Empire Hotel, títí àwọn ológun fi sun ilé náà ní oṣù Kejì ọdún 1977. Shrine tuntun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí ní 2000, Agídíǹgbí ní Ìkẹjà ló wà.

Ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní ìṣòro iná tí pálọ̀ kò ní. Mọ́tò àwọn ẹ̀rọ téèpù kan ń tẹ̀ lé lílọ-bíbọ̀ iná láti mọ bí yóò ṣe yára tó. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń rẹ̀, tí ìgbà 50 di ìgbà 47, téèpù náà á falẹ̀, orin á sì bọ́ sílẹ̀ kúrò lójú ohùn rẹ̀. Tiransifọ́mà pàápàá ń jìyà rẹ̀: bí lílọ-bíbọ̀ bá ṣe ń lọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ irin inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, tó sì ń gbóná. Ohun tó ń bá áńpílífáyà tí àwọn èèyàn ń gbé bọ̀ láti Amẹ́ríkà nìyẹn. Ìgbà 60 ni iná ibẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ rẹ 240 sílẹ̀ sí 120 fún un, ìgbà 50 tó bá nílẹ̀ yìí á fi nǹkan bí ìdá márùn-ún kan kún ẹrù irin rẹ̀. Ẹ̀rọ tó tutù ní Chicago lè dín ẹyin ní Agége.

Àwọn tó ń tún kọ́ìlì wé ló gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ là lọ́wọ́ gbogbo èyí. Iṣẹ́ ọwọ́ tó lérò nínú ni, kò sì fẹ́ ju wáyà kọ́pà, ìwé tó ń dènà iná, fáńíìṣì àti sùúrù lọ. Ẹni tó ń wé e á kọ́kọ́ wọn àárín irin tiransifọ́mà. Bí ojú ibẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 15, yíyí wáyà mẹ́ta fún fóòtì kan á tó fún iná ìgbà 50. Ìyẹn ni pé yóò yí wáyà nígbà 720 fún fóòtì 240 tó ń wọlé, ìgbà 1,050 fún 350 tó ń jáde, àti ìgbà 19 péré, pẹ̀lú wáyà tó nípọn, fún 6.3. Bó bá ṣì kà lẹ́nu, àfi kó tú u.

Ibi tí ọgbọ́n àdúgbò ti wọnú rẹ̀ ni ẹnu wáyà. Ẹni tó mọ háàfù kọ́rẹ́ǹtì Agége kò ní yọ ẹnu wáyà sí 240 nìkan. Á yọ ọ̀kan sí ìgbà 600 fún fóòtì 200, á tún yọ ọ̀kan sí ìgbà 480 fún 160, á sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì tí oníǹkan lè yí. Sitabiláísà tí gbogbo ilé wá ń gbé sábẹ́ fíríìjì àti tẹlifíṣàn lẹ́yìn náà, ọgbọ́n kan náà ni. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ẹ̀rọ ló ń yí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, tó ń ró “kẹ́” bí iná bá ti ń gòkè tó ń sọ̀.

Rẹtifáyà náà yí padà. Dáyọ́òdù sílíkọ́nì, bíi BY127 inú tẹlifíṣàn, kéré bí èkúrọ́, ó rọjú, kì í gbóná, kì í sì í fọ́ bí gíláàsì. Nígbà tí GZ34 bá kú tí kò sí òmíràn lọ́jà, dáyọ́òdù ni mẹ́káníìkì á kàn so síbẹ̀. Ohùn á jáde, onílé á dúpẹ́. Àmọ́ dáyọ́òdù kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ́ra. Bí wọ́n bá ti tanná, fóòtì 350 ti tiransifọ́mà á gun orí rẹ̀ dé 495 kí àwọn fáàfù tó gbóná láti bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Ọ̀pọ̀ kapásítọ̀ ìgbà náà, 450 ni wọ́n kọ sí wọn lára.

Mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ máa ń fi kapásítọ̀ méjì tẹ̀ léra kí wọ́n lè pín ẹrù náà, pẹ̀lú rẹsísítọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí pípín náà lè dọ́gba. Á fi rẹsísítọ̀ míì sẹ́yìn dáyọ́òdù láti dín agbára rẹ̀ kù. Á fi fíúsì sí ọ̀nà fóòtì ńlá, yàtọ̀ sí èyí tó wà lójú ọ̀nà iná ilé. Ó sì ní rẹsísítọ̀ kan tí kò ní iṣẹ́ nínú orin rárá: òun ló ń gbọn omi inú àmù dànù bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ. Láìsí i, fóòtì 400 lè jókòó sínú kapásítọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà lára ògiri, tí á máa dúró de ìka ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ pé kí ó ti ọwọ́ kan bọ àpò bó bá ń fi èkejì wọn iná, kí kọ́rẹ́ǹtì má bàa rí ọ̀nà láti ọwọ́ kan gba àyà lọ sí èkejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Mullard tó wà ní Blackburn, níbi tí ọ̀pọ̀ fáàfù inú rẹdíògírámù àti áńpílífáyà ti wá, dẹ́kun ṣíṣe é. M-O Valve, tó ń ṣe KT66 àti KT88, tilẹ̀kùn ní 1988. Láàárín méjèèjì ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP ti dé ní Nàìjíríà ní 1986, tí náírà wó, tí ohun tí wọ́n ń kó wọlé sì di ọ̀wọ́n gógó. Fáàfù tó kú kò rí arọ́pò. Wọ́n ń tú ẹ̀rọ kan láti fi gba òmíràn là. Lóde, áńpílífáyà tíránsítọ̀ ti gba ipò tẹ́lẹ̀. Ó fúyẹ́, kò ní gíláàsì, fóòtì tó fẹ́ kò sì pọ̀. Fújì, tí ìlù inú rẹ̀ pọ̀ ju ti jùjú àtijọ́ lọ, lórí tíránsítọ̀ ló gbilẹ̀ sí.

Fáàfù kò parẹ́. Àwọn onígìtá kò gbà kí ó kú, pàápàá àwọn tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, torí bí fáàfù ṣe ń ya ohùn bí wọ́n bá fi agbára ta á kò jọ ti tíránsítọ̀. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí, láti Rọ́ṣíà, Ṣáínà tàbí Slovakia ló ti wá; ilé iṣẹ́ JJ tó wà ní Slovakia, 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Wàhálà páwà páàkì kò sì tíì kúrò ní Ìkẹjà. Jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí ará Èkó ń pè ní “I better pass my neighbour” lè tan gílóòbù àti fáànù, ṣùgbọ́n fóòtì rẹ̀ ń jó bí ẹni mu ẹmu, ó sì ń lọ́ra gan-an nígbà tí ẹrù bá dé bá a. Ní ọ̀nà Otigba, níbi tí Computer Village wà, ìfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, àti sitabiláísà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Ìfátà olówó pọ́ọ́kú kan kì í gbé iná tó lọ wẹ́rẹ́ tó bọ̀ wẹ́rẹ́ jáde. Iná rẹ̀ ń fò bí àkàbà, tiransifọ́mà áńpílífáyà á sì máa kùn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí inú ń bí. Láti 2013, Ikeja Electric ló ń pín iná fún agbègbè náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba kéde pé àwọn oníbàárà Band A, tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, yóò máa san náírà 225 lórí yúníìtì kan, dípò 68. Áńpílífáyà fáàfù tó ń mu wáàtì 100 á jẹ yúníìtì kan tán láàárín wákàtí mẹ́wàá, yálà wọ́n ń kọrin tàbí wọn kò kọrin, torí ẹyín iná inú rẹ̀ kì í sinmi.

Mẹ́káníìkì tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá bá, lẹ́yìn tí ó ti wà nínú yàrá ẹrù fún ọdún pípẹ́, kì í tì í bọ ògiri lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kapásítọ̀ tó ti sùn pẹ́ kò lè gba fóòtì ńlá lójijì. Gílóòbù kan, wáàtì 60 tàbí 100, ni á fi sójú ọ̀nà iná, kí gbogbo ohun tí áńpílífáyà bá fẹ́ mu gba inú gílóòbù náà kọjá. Á tan án. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ kedere tó sì dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ti lẹ̀ níbì kan nínú páwà páàkì, á yára pa á. Bó bá mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí àmù ń kún, tó wá ń rọra pọ́n, tó ń rọra pọ́n, títí wáyà inú rẹ̀ fi di pupa lásán, á fà sẹ́yìn lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, á sì dẹtí sí sípíkà láti gbọ́ bóyá ó ń kùn.